Ìgbà Wo La Ó Gun Kibo?

Láti ọjọ́ tí Ndekirwa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ orí òkè ni Aikaruwa, ìyàwó rẹ̀, ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun gun Kibo, òkè Kilimanjaro, lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú. Abẹ́ òkè náà ni wọ́n bí i sí ní Marangu, ibẹ̀ ló ti dàgbà tó ti bímọ, àràárọ̀ ló sì ń rí yìnyín orí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ndekirwa ò sọ pé òun ò lọ. Ṣé ọlọ́gbọ́n ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Àsìkò ló ń bá jà.

Bí ìyàwó bá ní kí wọ́n lọ lóṣù kẹrin, ọkọ a ní òjò ńlá ti dé, ẹrẹ̀ á gbé bàtà mì. Oṣù keje ńkọ́? Á ní òtútù oṣù keje a máa wọ eegun. Oṣù kẹsàn-án, kọfí ti pọ́n, ta ni yóò ká a? Oṣù kọkànlá, òjò tún ti dé. Oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ń bọ̀ wálé láti Dar es Salaam, ewúrẹ́ ń bẹ láti pa. Ẹni tó bá filé sílẹ̀ nígbà Kérésì ní Marangu, kí ló fẹ́ kí ará àdúgbò wí? Obìnrin náà a sì gbà, torí ó ka ọkọ rẹ̀ sí ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ òkè.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé Ndekirwa ò dé ṣóńṣó orí Kibo rí. Alásè ni. Bí àlejò àti amọ̀nà bá gbéra lọ sókè pátápátá, alásè a jókòó ti ìkòkò nínú àgọ́, kí omi gbígbóná lè wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fẹ́ Aikaruwa, tí ọmọkùnrin kan tó ní màlúù rẹpẹtẹ náà ń fẹ́ ẹ, ó ti búra pé òun ti dúró lórí yìnyín, òun sì ti rí òkun láti ibẹ̀. Irọ́ ọjọ́ náà ti bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ohun tó ń já a láyà ni kí obìnrin tó kọ màlúù nítorí rẹ̀ má lọ rò pé òun ṣòfò.

Nígbà tó di oṣù kìíní, àwáwí tán. Òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn rọra ń mú, kọfí ti wọ àpò, àwọn ọmọ sì ti padà síbi iṣẹ́. Elirehema, àkọ́bí wọn, tiẹ̀ ti fi bàtà òkè sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kundaeli, amọ̀nà tó bá Ndekirwa ṣiṣẹ́ pẹ́, wá bá a níbi tí wọ́n ti ń mu mbege, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, ó ní òun ló máa mú ìyàwó ọ̀rẹ́ òun lọ.

“Alásè, ìwọ náà á wá rí orí Kibo wàyí, kí o tó wọ káà ilẹ̀.”

Ndekirwa gbé igbá ọtí sílẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí á fi délé.

Ó kúkú sáré ṣáájú ọ̀rọ̀ náà. Ó já ewé masale létí oko, ewé tí àwọn Chagga, ìran wọn, fi ń tọrọ àforíjì, tí ẹni tí a bá nà án sí ò gbọdọ̀ kọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Aikaruwa ń bó. Bó ṣe rí ewé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ báyìí, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Elirehema, ta lẹ fún lóyún?”

“Mi ò fún ẹnikẹ́ni lóyún. Kibo ni. Mi ò dé orí ẹ̀ rí.”

Ó wolẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti yìnyín, àti òkun, àti ìbúra. Aikaruwa gba ewé náà, ó mí kanlẹ̀, nítorí ohun tó ti rò burú ju irọ́ orí òkè lọ. Ẹ̀rín wá gbé e débi tó fi di ògiri mú.

“Ta ló bi yín léèrè orí òkè? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbi tí koríko ò ti hù? Ibi ìdáná yín ni mo fẹ́ dé. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń se oúnjẹ fún ará ibi gbogbo, ẹ ò gbé ìkòkò kaná fún mi rí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí, kí ẹ gbé tèmi náà wá.”

Ara Ndekirwa fúyẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tijú. Gbogbo oṣù tó ti ń bú láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sí èyí tí kò dára lójú rẹ̀ mọ́.

“Ó yá, ká lọ lọ́la,” ló wí.

“Ẹ jẹ́ kí n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí tán ná.”

Wọ́n lọ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì dúró ní Mandara, àgọ́ àkọ́kọ́, níbi tí igbó ti fẹ́ parí, torí ibẹ̀ ni orúnkún Aikaruwa gbà dé. Ndekirwa se mtori, ọbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran. Aikaruwa na ẹsẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun rẹ̀, ó ń dúró de oúnjẹ bí àlejò. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó tún tọ́ ọ wò, ó wá gbójú sókè.

“Irú èyí lẹ mọ̀ ọ́n sè, tẹ́ ẹ wá ń jẹ tèmi nílé láti ọjọ́ yìí, tẹ́ ẹ ní ó dùn?”

Ndekirwa ti kọ́gbọ́n lára irọ́, ó sì mọ̀ pé òótọ́ náà léwu. Ó mú ìgbakọ, ó tún bu ọbẹ̀ sí i nínú àwo ìyàwó rẹ̀.