Ẹ Tún Un Sọ Bí Ẹ Ṣe Gbọ́ Ọ

"Wọ́n ní… èmi ò sí níbẹ̀ o, má ki ọ̀rọ̀ bọ̀ mí lẹ́nu… wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ẹ dìde láàárín ẹbí, ó ní ọ̀rọ̀ yàrá màmá yín yẹn… ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó wá dárúkọ ẹ. Ó ní ìwọ… háà! Jẹ́ kí n gbẹ́nu mi dákẹ́."

"Ó ní kí ni mo ṣe, Àǹtí?"

"Ó ní ọjọ́ tí màmá yín kú, tó ń pè ẹ́ lórí fóònù, tí o ò… Ṣé o rí i, ẹni tó wá sọ fún mi gan-an, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, mi ò ní yọjú síbẹ̀ ní Sátidé. Àbí? Ilé tí wọ́n ti ń fi orúkọ èèyàn… O ń gbọ́ mi ṣá?"

"Mo ń gbọ́ yín, Àǹtí. Ẹ ṣé."

Fóònù wà ní etí ọ̀tún ọmọbìnrin náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti ṣí àpótí irin tó wà lára ògiri, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń kó fóònù wọn sí kí wọ́n tó wọ yàrá ìdánwò. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló pè é. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé bí a bá fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbé dání, mẹ́wàá ló máa gbé délé, ààbọ̀ rẹ̀ ló sì máa sọ. Nígbà tí ìpè náà parí, ọmọbìnrin náà ti fóònù mọ́ inú àpótí, ó wọlé.

Ilé iṣẹ́ tó ń dán ọjà wò ni. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ńláńlá máa ń kó nǹkan wá síbẹ̀ kí wọ́n tó rà á fún títà, àwọn òṣìṣẹ́ á sì lò ó bí ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n ń tan áyọ́ọ̀nù, wọ́n ń pa á, ìgbà igba lójúmọ́. Lókè, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó sórí àga, kó dìde, kó tún jókòó. "Ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ jẹun," ló máa ń wí, "ìdí lèmi fi ń jẹun."

Ní tirẹ̀, etí ló fi ń jẹun. Yàrá tó gbẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fún un, hẹ́dífóònù ló sì ń dán wò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Nítorí pé etí rẹ̀ sábà máa ń wà ní bíbò, tí èèyàn á kí i títí tí kò ní dáhùn, wọ́n sọ ọ́ ní Elétí-Ikún. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí.

Ìdí ni pé inú yàrá yìí ló wà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ kejì, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan. Nígbà tó parí iṣẹ́, tó ṣí àpótí irin, ó rí i pé ìyá òun ti pe òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Kó tó pè padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti pè é. "Màmá ti lọ" ni gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n náà sọ. Wọ́n sìnkú. Ó sun oorun alẹ́ méjì nílé, ó sì wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kò sí ẹni tó bi í pé, kí ló dé tí o ò gbé fóònù? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í. Àìbéèrè yẹn ló gbé ka àyà fún oṣù mẹ́jọ, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi pe ara wọn mọ́. Ní Sátidé yìí ni ẹbí fẹ́ kó ẹrù ilé náà. Ó ti tọrọ àyè ọjọ́ kan. Ó ti fọkàn sí i pé òun á lọ.

Wàyí o, àǹtí ti sọ̀rọ̀.

Hẹ́dífóònù méjì ló wà lórí tábìlì, aláìlókùn ni méjèèjì: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ eérú. Ó wọ dúdú náà fún wákàtí méjì. Ó so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ orin nípasẹ̀ Bulutúùtù, ó sì jókòó sáàárín fóòmù tó bo gbogbo ògiri, nínú yàrá tó dákẹ́ débi pé bí èèyàn bá gbé itọ́ mì, á gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Dúdú náà di orí mú bí olóko tó mú olè. Ó tẹ apá awò ojú rẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn etí. Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú kòtò etí rẹ̀. Orin mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ pípẹ́: òjò lórí páànù, obìnrin kan tó ń dá kọrin láìsí ìlù, àti èèyàn mẹ́wàá tó ń jiyàn nínú yàrá kan. Ohùn ìsàlẹ̀ dúdú náà ń dún gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé àpótí wúwo ní yàrá kejì. Ó bo obìnrin olórin náà mọ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: *Ó ń pariwo, kò sọ̀rọ̀.* Ó wò ó, ó fa igi lé e, ó kọ ohun tí wọ́n lè kà níwájú oníbàárà.

Aláwọ̀ eérú yàtọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní láti fọwọ́ kan orí rẹ̀ kó tó rántí pé òun wọ nǹkan. Nínú èyí, ó gbọ́ obìnrin olórin náà tó fa èémí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbọ́ orin yẹn, kò gbọ́ èémí náà rí. Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Èèyàn kan ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, tó ń mí, òun kò mọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tó dá jẹ lórí àtẹ̀gùn, ó lọ bá ọ̀gá. Mádàámù Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí pé bí ẹnu bá sọ nǹkan tí kò sí nínú ìwé, bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ ni lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó gbàyè. Mi ò rìnrìn àjò mọ́."

"Ó dáa." Ọ̀gá fa igi lé orúkọ náà. Kò bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó yí ìwé kejì síwájú. "Ìdánwò ìpadàsọ ńkọ́? Ta lo fẹ́ pè?"

Ìdánwò ìpadàsọ ló máa ń gbẹ̀yìn. Ó níláti wọ hẹ́dífóònù, kó pe ẹnì kan, kó máa sọ gbólóhùn mẹ́fà sí i bó ṣe ń rìn láti yàrá dé àtẹ̀gùn, láti àtẹ̀gùn dé ojú títì. Ẹni náà á tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ohùn ń dé ọ̀hún tán.

"Ìyá tó ń gbàlejò nísàlẹ̀ ni mo máa ń pè, mà."

"Ìyẹn tó ti mọ gbólóhùn wa sórí bí àdúrà? Níjọ́sí, o ò tíì sọ ọ́ tán tó ti ń dáhùn. Mi ò gbà á mọ́. Pe ará ìta. Ọkọ ẹ, ọ̀rẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni. Kí n rí i kó tó di aago mẹ́rin."

Ó jáde. Ọkùnrin tó ń dán àga wò ń bọ̀ lọ́nà, ó ń fọwọ́ ra bàdí. "Elétí-Ikún! Mo kí ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò bínú. Àga tí mo jókòó lé lónìí ni mò ń bá bínú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ, ó ku òun nìkan níwájú àpótí irin. Ó gbé fóònù jáde, ó ń yẹ orúkọ wò. Aránṣọ: ìyẹn á béèrè ìgbà tó máa wá gba aṣọ rẹ̀. Onílé: rárá o. Ẹni tó ń ta gáàsì. Dókítà eyín. Àǹtí. Inú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan bó ṣe ro ohun tí gbólóhùn mẹ́fà máa dà lẹ́nu àǹtí. Gbólóhùn náà á ti bímọ kó tó padà délé. Kí ìyá rẹ̀ tó kú, òun ló máa ń pè. Ọdún márùn-ún gbáko ni ìyá náà fi ṣe é, bó bá sì ti sọ pé, "Ọkọ̀ pupa mẹ́ta dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò," ìyá á tún un sọ tán, á wá béèrè pé, "Ta ló ni wọ́n?" Mádàámù Fọ́ọ̀mù a máa bínú sí ìbéèrè yẹn.

Orúkọ kan ló kù. Ó wò ó títí iná fóònù fi kú, ó tún tàn án. Àwọn àgbà tó tọ́ ọ dàgbà máa ń wí pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ó pè, kí ó sì rí i pé òótọ́ ni.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Ó padà sínú yàrá, ó gbé aláwọ̀ eérú wọ̀, ó so ó mọ́ fóònù, ó tẹ orúkọ náà.

"Hẹ́lò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán."

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú hẹ́dífóònù náà, ó gbọ́ ariwo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lókèèrè, ó gbọ́ ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé tí ẹnì kan rọra gbé sílẹ̀, ó gbọ́ èémí. Ìyá wọn ló ni èémí yẹn, ìmí gígùn tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Iṣẹ́ ni. Mo fẹ́… màá sọ gbólóhùn mẹ́fà, ẹ wá tún un sọ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Láì fi kún un, láì yọ kúrò."

"Èyí tí Màmá máa ń ṣe."

"Òun náà ni."

"Máa sọ ọ́."

Ó dúró sáàárín yàrá tó dákẹ́ náà. "Ọkọ̀ pupa mẹ́ta dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò."

"Ọkọ̀ pupa mẹ́ta dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, bí ẹni tó ń pe àpèkọ fún ọmọ kíláàsì. "Má kọ èyí sílẹ̀ o. Ó yẹ kẹ́nì kan béèrè ẹni tó ni wọ́n."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó rí i pé ọwọ́ òun ti di ìwé mú jù, ó sì dẹ̀ ẹ́. "Ẹ bá mi fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ àwo." Ó padà wá gẹ́lẹ́. "Òjò kò rọ̀ lánàá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tutù." Ó padà wá gẹ́lẹ́. Ohùn rẹ̀ ń ta sí ara ògiri àtẹ̀gùn, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣi kan nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìkarùn-ún, ó ti wà lójú títì, wẹ́dà kan ń jó irin lódìkejì, ọkọ̀ ń fọn fèrè, ó ń pariwo nípa bàtà àbúrò bàbá ẹnì kan tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, àwọn tó ń kọjá sì ń wò ó. Ìkẹfà náà délé láyọ̀. Ó fi àmì sí i. Ìwé kún.

Ohun tó kù ni kó dúpẹ́, kó pa fóònù.

"Ṣé ó tán?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ó tán."

Wọn ò pa á. Ó gbọ́ aago ilé ẹ̀kọ́ tó lù lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sáré jáde. Ó kúrò létí títì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ sọ nípa mi níbi ìpàdé ẹbí?"

"Àǹtí ti pè ẹ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ta ló tún kù?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Èmi náà, ẹnu mi ò gbà á láti pè ẹ́. O jáde nílé láìdágbére, mo ní bóyá ò ń bínú pé mi ò tètè gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Wọ́n sùn ni, wọn ò jí. Kò sí ohun tí mo lè… Kí ni àǹtí ní mo sọ?"

"Wọn ò sọ ọ́ tán."

"Wọn kì í sọ ọ́ tán. Ṣé kí n tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́?"

"Láì fi kún un," ló wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ hẹ́dífóònù náà mọ́ etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń dí ohùn náà lọ́wọ́.

"Mo dìde, mo ní: 'Ẹ má tíì fọwọ́ kan yàrá Màmá o. Àbúrò mi ni wọ́n ń pè lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kú, ìgbà mẹ́ta, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n fẹ́ sọ fún un pé àwọn ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà ní títẹ́. Ẹ jẹ́ kó dé ná.'"