Ìkànnì Kejìlá

Nínú rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ọ́fíìsì omi ní GRA, ìkànnì mọ́kànlá ló jẹ́ ti ìjọba. Ìkejìlá, Olújìmí tó ń jókòó ti rédíò náà ló tò ó síbẹ̀, òun àti Sàní tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi ní Òkè-Oyì. Wọ́n yan nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kì í lò, wọ́n fi pamọ́ sínú rédíò méjèèjì, ó parí. Láti ọdún 1993, bí ọ̀gá bá ti wọ mọ́tò lọ sílé ní aago mẹ́rin báyìí, Olújìmí á tẹ méjìlá, ohùn Sàní á sì wọlé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán á ní "ovà", kí ẹnìkejì lè fèsì.

"Bàbá Moṣọpẹ́! Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ovà."

"Wọ́n wà, ẹ̀gbọ́n. Moṣọpẹ́ ní kí n kí yín. Ovà."

Irọ́ ni. Ìyàwó Olújìmí ti kó àwọn ọmọ lọ sí Òṣogbo láti ọdún tó kọjá, kò sì sí nǹkan nínú ilé náà ní Adéwọlé ju àga mẹ́rin àti aláǹgbá. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun lórí rédíò? Ó kàn ń dùn mọ́ ọn pé ẹnì kan ṣì ń pe òun ní Bàbá Moṣọpẹ́.

Àfi bí Àbdùlgàfárù tó ń tún rédíò ṣe ṣe dé lọ́jọ́ Ajé kan, tó ní òun fẹ́ pààrọ̀ bátìrì kékeré inú ẹ̀. Bí bátìrì ṣe jáde, gbogbo ohun tí wọ́n ti tò síbẹ̀ pa rẹ́ pátá. Ó ṣí ìwé ọ́fíìsì, ó tún to mọ́kànlá padà. Ìkejìlá ò sí nínú ìwé. Ta ló ń kọ ohun tó ń jí ṣe sínú ìwé ìjọba? Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Olújìmí tẹ méjìlá, kò gbọ́ nǹkan kan. Òun náà ò sì rántí nọ́ńbà yẹn mọ́, rédíò ló ti ń bá a rántí ẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó bi í pé ilé ńkọ́. Ó dùn ún wọra. Ó bá ara ẹ̀ níbi tó ti ń kí aláǹgbá kú ilé.

Lọ́jọ́ kẹrin, bí Sàní ṣe ń ka iye omi fún un lórí ìkànnì ìjọba, tí ọ̀gá sì dúró sí ẹ̀yìn ẹ̀, ó ṣọkàn akin.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ilé ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ovà."

Ó yé Sàní. Ló bá ka nọ́ńbà mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka mítà. Ọ̀gá ò fura. Olújìmí kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Bí aago mẹ́rin ṣe kọjá, ó tò ó padà.

"Bàbá Moṣọpẹ́! Ilé ńkọ́? Ovà."

Irọ́ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò jáde.

"Kò sẹ́nì kankan nílé, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti lọ, ó ti lé lọ́dún kan. Ovà."

Kò ya Sàní lẹ́nu.

"Mo mọ̀. Ká ní wọ́n ń retí ẹ nílé ni, o ò ní máa bá mi sọ̀rọ̀ títí di mọ́gàríbì lójoojúmọ́. Mo ń bèèrè wọn kí orúkọ wọn má baà kúrò lẹ́nu ẹ ni." Kò tíì sọ pé ovà. "Kí lo jẹ lónìí? Ovà."

Olújìmí tẹ bọ́tìnnì láti dáhùn. Ẹkún ló jáde.