Àdá Nínú Ọ̀gbẹlẹ̀

Àwọn géńdé tó kó àdá wá sí ṣọ́ọ̀bù Èjìdé alágbẹ̀dẹ ní Bẹyẹrunká kò jọ àgbẹ̀ rárá. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, ilẹ̀ le bí òkúta, kò sẹ́ni tó ń roko. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kì í bi oníbàárà pé kí ló fẹ́ fi irin ṣe. Bí bàbá Èjìdé ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó pọ́n àwọn àdá náà títí wọ́n fi ń kọ mànà.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ọ̀gá wọn wí.

Èjìdé ò lè mú un mọ́ra mọ́. “Oko wo lẹ ń lọ?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Oko Mápó ni. Koríko akẹ́kọ̀ọ́ ló hù síbẹ̀. Wọ́n ní owó ilé-ìwé ti wọ́n jù. Ẹni tó rán wa ní ká ro wọ́n kanlẹ̀.”

Wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Zulaihat ọmọ Èjìdé wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn náà. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé kó má lọ, ṣùgbọ́n oríkunkun tí ọmọ náà jogún lọ́dọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́.

Èjìdé yára pè é lórí fóònù, kó lè ní kó sá wálé. Fóònù ọmọ náà dún nínú àpò ẹ̀wù Èjìdé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà láàárọ̀, tó ní, “Jẹ́ kí n rí bí wàá ṣe lọ.”

Ó ju ọmọ owú tó fi ń lu irin sílẹ̀, ó sáré. Orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dún bọ̀ láti orí òkè. Kó tó dé ìsàlẹ̀ Mápó, orin náà dákẹ́.