Fìrísà Tó Ń Ké Lọ́jọ́ Iléyá

Sofiullahi Ọlájíre, ọmọ Ìwó, ló ń ṣọ́ ilé ìwádìí kan ní Sharjah, nítòsí Dubai. Láràárọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa ń gbé e láti International City ní Dubai, níbi tí òun àti àwọn márùn-ún mìíràn jọ ń gbé yàrá kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wo káàdì àwọn tó ń wọlé, kó kọ orúkọ àlejò sílẹ̀, kó sì yí ká inú ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú àwọn yàrá náà kò kàn án, àfi ìgbà tí Bùkúnmi Ọ̀ṣuntókun dé.

Ọmọ Èkìtì ni Bùkúnmi, ó ń kàwé gboyè dókítà, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí orúkọ tó wà láyà Sofiullahi, ńṣe ló kúnlẹ̀ kí i lójú gbogbo Lárúbáwá tó ń kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o." Láti ọjọ́ náà, kì í kọjá láì dúró. Sofiullahi náà kò sì jẹ́ pè é ní ìwọ. Dókítà ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gboyè ọ̀hún.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe Iléyá ni Sofiullahi bi í léèrè ohun tó ń mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè.

"Ọ̀rá ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀rá bíi ti ẹran?"

Bùkúnmi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ń se oúnjẹ níbi tí ẹ̀ ń gbé. Bí AC bá mú, kí ló ń ṣe epo pupa inú ìgò?"

"Á dì. Àfi ká gbé e sínú omi gbígbóná."

"Òróró ńkọ́?"

"Òróró kì í dì ní tiẹ̀."

"Ó dáa. Àwọn ẹyọ tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló kóra jọ di ara wa. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní awọ, ọ̀rá sì ni wọ́n fi ṣe awọ náà. Jẹjẹrẹ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rá tó ń dì bí epo ló máa ń kó sí awọ tirẹ̀. Awọ náà á le, oògùn á débẹ̀, kò ní ráyè wọlé. Ohun tí à ń wá ni bí a ṣe máa pààrọ̀ ọ̀rá yẹn, kí awọ náà rọ̀, kí oògùn lè ráyè."

"Ṣé ẹ ti rí i ṣe?"

"Nínú àwo, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ènìyàn, rárá o. A ò tíì débẹ̀."

Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá Sofiullahi ní Ìwó, lọ́dún kejì tó kúrò nílé. Oògùn ràn án lákọ̀ọ́kọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ kí àwọn ará àdúgbò. Nígbà tó yá, oògùn kan náà kò ràn án mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Kọ́ńtíráàtì kò jẹ́ kó lọ sin ín. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnì kan máa jókòó ṣàlàyé ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Ó dúpẹ́ títí, Bùkúnmi ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Nígbà tí ọjọ́ Iléyá máa fi pé, Bùkúnmi ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Adó-Èkìtì, gbogbo ilé ìwádìí sì ti wà ní ìsinmi. Sofiullahi kírun tán, ó wá gba iṣẹ́ láago mẹ́sàn-án. Nígbà tó di ọ̀sán, tó ń yí ká àjà kejì, ó gbọ́ ohun kan tó ń ké: píì, píì, píì. Fìrísà gíga tó wà ní yàrá Bùkúnmi ni. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Sofiullahi mọ̀ pé ọgọ́rin ní ìsàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló bá a, òtútù rẹ̀ ti ń dínkù.

Ó pe profẹ́sọ̀ tó ni yàrá náà, kò gbé e. Ó pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹni tó gbé e ní, "My friend, Eid la wà yìí. Bukra, inshallah." Ọ̀la ni ẹni náà ń wí. Ìpè WhatsApp kì í lọ níbẹ̀, nítorí náà ó fi voice note ránṣẹ́ sí Bùkúnmi. Kò pẹ́ tí tirẹ̀ padà dé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i o! Ègé ara obìnrin mọ́kànlélógójì tó ní jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ẹ̀. Bó bá yọ́, ọ̀rá inú ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, a ò sì lè tún un gbà, torí àwọn kan nínú wọn ti kú. Dry ice ni ká wá, ká kó o sí i, ká sì tètè tì í padà."

Sofiullahi mọ dry ice, yìnyín funfun tí kì í di omi, tó ń rú bí èéfín. Kàbírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìwó, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kágò kan ní Deira, ní Dubai, yìnyín yẹn ni wọ́n fi ń di oògùn tí kò gbọ́dọ̀ gbóná. Ó pè é.

"Kàbírù, níbo lo wà?"

"Níbo lo fẹ́ kí n wà lọ́jọ́ Iléyá? Mo wà nídìí ẹran."

"Fi ẹran sílẹ̀. Ṣé dry ice wà níbi iṣẹ́ yín?"

"Ó wà, àmọ́ wọ́n ti tì í. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Sofiullahi sọ ọ́ fún un. Kàbírù kò tún béèrè nǹkan kan. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nílé, ìyẹn gbọ́ pé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Sofiullahi wá pe súpáfáísọ̀ rẹ̀ kó lè gba àyè. Ìyẹn pariwo lórí fóònù: "Sofi, no touch! Ẹnu géètì ni iṣẹ́ ẹ. Tí o bá fọwọ́ kàn án, wàá lọ sílé."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ku oṣù mẹ́wàá kí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ parí, ọmọ mẹ́ta ló sì ń retí rẹ̀ ní Ìwó. Ó ro ti àwọn obìnrin mọ́kànlélógójì yẹn, tí ara ń ni, tí wọ́n sì tún yọ̀ǹda pé kí wọ́n gé lára àwọn fún àǹfààní ẹni tí wọn kò mọ̀. Ó dìde, ó lọ ṣí géètì sílẹ̀ de Kàbírù.

Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ mú Kàbírù lójú ọ̀nà Sharjah. Gbogbo fèrèsé takisí tó gbé e ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú ooru yẹn, nítorí èéfín yìnyín náà lè sé èèyàn léèémí. Nígbà tó fi dé, ẹ̀wù Iléyá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, fìrísà sì ti dé mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ nípọn-nípọn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n kó yìnyín náà sí orí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tì í pa, wọ́n sì jáde síta lọ mí. Wákàtí kan kọjá. Àádọ́ta. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Nígbà tó pé ọgọ́rin ó dín mẹ́jọ, Kàbírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Alhamdulillah. Ebi ń pa mí." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ gbé òmíràn wá, ó sì rántí gbé ẹran bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn atún-ẹ̀rọ-ṣe yọjú.

Súpáfáísọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún Sofiullahi. Ṣùgbọ́n Bùkúnmi ti fi gbogbo voice note náà ránṣẹ́ sí profẹ́sọ̀, ìyẹn sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n gba lẹ́tà náà padà. Ọjọ́ tí Bùkúnmi dé, ó yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò. Kò sí èyí tó bàjẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́nu géètì, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló gbà á lẹ́nu.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ilé ìwádìí pe àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn àti ẹbí wọn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bùkúnmi dìde, ó sọ ohun tí wọ́n rí: pé awọ tó le nítorí ọ̀rá dídì pọ̀ nínú jẹjẹrẹ àwọn tí oògùn kò ràn, àti pé inú eku ni wọ́n máa ti dán pípààrọ̀ ọ̀rá náà wò báyìí. Kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ó wá ní kí wọ́n pe Sofiullahi wọlé, ó sì ròyìn ọjọ́ Iléyá fún wọn.

Ọkùnrin ará Sudan kan dìde láti ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó di ọwọ́ Sofiullahi méjèèjì mú, ó ń sọ ọ́ ní Lárúbáwá, "Òun ló ní kí wọ́n gbà á. Ó ní bí kò bá ran òun lọ́wọ́, kó ran ẹlòmíràn. Shukran, arákùnrin mi, o kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀."

"Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́," ni Sofiullahi wí. "Ẹ̀yin lẹ fún wọn ní ègé ara yín. Yìnyín lásán ni èmi wá."

Àwọn méjèèjì jọ rìn dé géètì. Ọkùnrin náà ń jẹ́ Idris, olùkọ́ ni, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Láti ọjọ́ náà, bí Jímọ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi Sofiullahi, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun, wọ́n á sì jọ lọ jẹun ọ̀sán nílé Idris.