Eyín Kan Péré Lábẹ́ Ọkọ̀ Onígíláàsì

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo ti rí nǹkan kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ọwọ́ tó sì fà á kò jìnnà sí mi rárá.

Àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù. Gíláàsì fèrèsé ló ń tà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ọkọ̀ tó fi ń kó wọn kiri. Píkọ́ọ̀pù ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí gíláàsì tó ga ju èèyàn lọ lè wà nínú rẹ̀ láìyọrí síta. Ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un kí Ọlọ́run tó pè é. Inú rẹ̀ náà ló ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, tí ọkùnrin náà á di ìlẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ìjó tí ẹnikẹ́ni ò lu ìlù rẹ̀. Tó bá gbé ẹrù, tó sì fẹ́ gbéra, ìdí rẹ̀ á máa ta sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá wá sáré díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Gíláàsì ò sì mọ eré. Mẹ́ta fọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó yá, àbúrò mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti wò ó. Èyí àkọ́kọ́ ní taya ni, wọ́n pààrọ̀ taya. Èkejì ní rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ni, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà. Ẹ̀kẹta wò ó títí, ó mi orí, ó ní ọkọ̀ ti darúgbó, kí wọ́n jẹ́ kó lọ sinmi.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó wá sílé wa, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, kò bọ́ bàtà. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tà á. Onírin àlòkù ń bọ̀ wá wọ́ ọ lọ ní aago méjì."

"Kí ló ń bọ̀ wá wọ́ lọ?"

"Ọkọ̀."

"Gíláàsì ilé ìwòsàn ńkọ́?"

Ó ń fi bàtà ha ilẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun fún àwọn ọmọdé, gbogbo iṣẹ́ gíláàsì fèrèsé ibẹ̀ ni wọ́n gbé fún un, ó sì gbọ́dọ̀ kó wọn débẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Látìgbà tó ti ń tajà, kò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn," ló wí. "Èmi á sì lọ bá ẹlòmíràn dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sàn ju kí n máa gbá àfọ́kù lójoojúmọ́ lọ."

Ọkọ mi ti yọ sí wa láti ẹ̀yìnkùlé, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mẹkáníìkì ni, ẹ̀yìnkùlé wa sì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀. Tí mo bá ń kí i láàárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, báyìí ni mo máa ń kí i:

Ọlọ́wọ́ epo tí ọkàn rẹ̀ funfun,
Afetí-gbọ́-àrùn-irin,
Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn,
Ó dìde, ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín.
Arọra-bí-ìgbín tí í débi tí ẹṣin ń lọ.

Á ní kí n yéé sọ ọ́, pé ojú ń ti òun. Ṣùgbọ́n kì í kúrò níbẹ̀ títí n ó fi parí rẹ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "aago mélòó lo ní ó ń bọ̀?"

"Méjì, bùọ̀dá."

"Aago mẹ́jọ la wà yìí. Fún mi ní àárọ̀ yìí nìkan."

"Bùọ̀dá, àwọn mẹ́ta ti wò ó."

"Wọ́n wò ó ni. Ṣé wọ́n bi í léèrè?"

"Ta ni wọ́n máa bi?"

"Ọkọ̀. Ọkọ̀ kì í purọ́. Èèyàn inú rẹ̀ ló lè fi nǹkan pamọ́."

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Ọkọ mi gbé ife kalẹ̀. "Ìyá Ìbejì, bá mi bu omi sínú abọ́ fífẹ̀ rẹ yẹn."

Mo bu ú wá. Ó gbé e sórí pẹpẹ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní kí àbúrò mi ṣáná sí ọkọ̀ lórí ìdúró, kó sì máa tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì bú, ó tún bú sí i. Omi inú abọ́ kàn ń ṣe wìrìwìrì létí ni.

"Ẹ́ńjìnnì kọ́," ló wí. "A ti yọ ọ̀kan kúrò."

A bọ́ sí títì. Èmi jókòó níwájú pẹ̀lú abọ́ omi lórí itan, ọkọ mi wà láàárín, àbúrò mi ń wa ọkọ̀. Nígbà tí eré wá pọ̀ díẹ̀, ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ò gbọ̀n. Ọkọ mi fi ìka kan kàn án, ó ní, "Ẹsẹ̀ iwájú kọ́." Ló bá ní kí ó yọ ọ́ kúrò ní jíà, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ṣì ń kùn.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ló wí. "Onílù ti sinmi, oníjó ò sinmi. Nǹkan tó ń bá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí ló ń ṣe é."

Lẹ́yìn náà ló kó àpò yanrìn mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀ dípò ẹrù, ó sì ní kí n gùn ún, kí n di abọ́ mú. Mo gùn ún. Àbúrò mi gbéra, ìdí ọkọ̀ ta sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdajì omi abọ́ sì dà sí mi láyà.

Àbúrò mi yọrí láti ojú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti wẹ̀ láàárọ̀?"

"Mo ti wẹ̀."

"Ẹ ti tún wẹ̀ nìyẹn."

Láti òwúrọ̀ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi, bí aṣọ mi tilẹ̀ tutù.

A padà sílé. Ọkọ mi fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀, ó ki òkúta mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó sì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀pá irin kan wà tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì láti iwájú lọ bá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Pùròpẹ́là ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ bá gùn bíi ti àbúrò mi, ọ̀pá kan ò lè dá a gbé, méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀, wọ́n á sì fi rọ́bà gbé e rọ̀ láàárín. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ọkọ̀ tó gùn ló máa ń ní àìsàn yìí jù.

Ó fi irin ti rọ́bà àárín, rọ́bà ò mì. Ó di oríkèé ọ̀pá mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó lọ́ ọ síhìn-ín, ó lọ́ ọ sọ́hùn-ún, kò yẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá. Àbúrò mi ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà.

"Bùọ̀dá, tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n tètè kó yanrìn kúrò kí ọkùnrin náà tó dé."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ohùn dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ tó gbé irin kalẹ̀. "Àbúrò mi, ọjọ́ wo ni ìjó yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ó tó oṣù mẹ́rin, sà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè oṣù. Ọjọ́ wo?"

Àbúrò mi wò mí, ó tún wo ẹsẹ̀ ọkọ mi tó nà síta lábẹ́ ọkọ̀. Ó wá kúnlẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà lójú.

"Ọjọ́ kejì tí mo gbé e kúrò níbí ni. Ìgbà tí ẹ bá mi pààrọ̀ oríkèé rẹ̀. Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Ọ̀fẹ́ lẹ ṣe é fún mi. Ẹnu mi ò gbà á láti padà wá sọ pé iṣẹ́ yín ò dáa."

Mo rò pé ọkọ mi máa bínú. Ẹ̀rín ni mo gbọ́.

"Nítorí ìtẹríba lo ṣe ń gbá àfọ́kù láti oṣù mẹ́rin? Ò bá bú mi lọ́jọ́ kejì, à bá ti ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Ìbejì, gbé tọ́ọ̀ṣì wá, wá wo nǹkan."

Mo fi ìró mi há ìdí, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tan iná sí orí ọ̀pá náà, ó tún tàn án sí ìdí rẹ̀. Irin bí etí méjì ló wà níbi kọ̀ọ̀kan.

"Etí ti iwájú àti etí ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà," ló wí, "bí àwọn ìbejì wa ṣe ń mú ẹsẹ̀ pọ̀ tí wọ́n bá ń gbé tábìlì. Tí ọ̀kan bá ṣáájú, tábìlì á máa jó. Wo bí ti ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ díẹ̀."

Mo wò ó dáadáa. Ó tẹ̀ lóòótọ́, ìwọ̀nba bí ìka kékeré.

"Ibi tí ọ̀pá kan ti wọnú èkejì, eyín ló wà níbẹ̀. Eyín kan péré ni mo fi ṣì í. Mo máa ń fi ẹfun sàmì sára méjèèjì kí n tó yọ wọ́n, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe máa padà. Nígbà yẹn, n kò rí àmì kankan mọ́. Mo rò pé mo gbàgbé láti fi í síbẹ̀ ni. Mo sì sọ fún ara mi pé ojú mi tó, mo fi ojú díwọ̀n rẹ̀."

Ara mi tutù ju ìgbà tí omi dà sí mi lọ. Mo rántí. Ọjọ́ méjì ni ọkọ mi fi lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀pá méjèèjì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rá dúdú bò wọ́n. Ìyá tó bí mi, àdúrà àti ìgbálẹ̀ ló fi tọ́ mi, n kì í lè rí ìdọ̀tí kí n kọjá lára rẹ̀. Mo bu kẹrosín, mo fọ wọ́n títí wọ́n fi ń dán, kí inú olówó orí mi lè dùn nígbà tó bá dé. Mo rí ìlà funfun lára wọn. Mo rò pé ẹyẹ ló yàgbẹ́ sí i.

Mo lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo ní, "Olúwa, fún mi lẹ́nu," mo sì sọ ọ́ tán pátá, àti ti ẹyẹ.

Ọkọ mi pa tọ́ọ̀ṣì. "Ìwọ lo nu ẹfun, èmi ni mo fi ojú díwọ̀n. Àbúrò rẹ ló gbé e pamọ́. Ó ku ẹni tí ò lọ́wọ́ sí i."

"Ọkọ̀," ni àbúrò mi wí. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ìmọ́tótó yín ló fọ́ gbogbo gíláàsì mi."

Àwa obìnrin méjèèjì la di ọ̀pá náà mú tí ọkọ mi fi tú u. Ó fà á yọ, ó yí i ní eyín kan, ó sì tì í padà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ọmọ lé ẹ̀yìn. Etí méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ó wá mú ṣísẹ́lì àti hámà, ó gé ìlà kékeré sára ọ̀pá méjèèjì.

"Èyí," ló wí, ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, "kẹrosín ò lè fọ̀ ọ́."

Aago kan ku díẹ̀ nígbà tí a tún gbéra. Àpò yanrìn mẹ́rin náà wà lẹ́yìn, a so gíláàsì ńlá kan láti inú ọjà àbúrò mi mọ́ férémù tó ń gbé gíláàsì dúró níbẹ̀, èmi náà sì tún wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú abọ́. Ọkọ̀ gbéra bí ẹni tó ń dìde lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Kò ta sókè. A bọ́ sí títì, eré pọ̀, ó tún pọ̀ sí i. Mo wo inú abọ́. Omi náà dúró débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo sì rí ìkùukùu tó ń kọjá lórí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ mi sókè láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí, n kò bìkítà.

Nígbà tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, àbúrò mi kò sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí ìtọ́kọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo gíláàsì náà, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Ó yọ fóònù láti inú àpò rẹ̀, ó nà án sí ọkọ mi.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe onírin àlòkù yẹn, kí ẹ ní kó má wá mọ́."