Ojú Pupa Tí Mo Bò

Ilẹ̀ ni. Mo tún tẹ̀ ẹ́ síwájú, ilẹ̀ náà ni — ilẹ̀ yàrá màmá, táìlì tó sán lábẹ́ wíńdò, sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ tèmi. Ojú rẹ̀ dà? Ojú ìyá mi dà nínú ohun tí mo fi kámẹ́rà ká sílẹ̀ yìí?

Kí n padà síbẹ̀rẹ̀. Bóyá mo fo ibì kan. Mo mọ̀ pé n ò fo ibì kankan... Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, kò sí ibi tí kì í wò, títí kan ibi tó ti wò tán.

Àbúrò mi wà ní pálọ̀. Ó ti so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ti fa àga sún mọ́ ọn. Àná ló wọlé, lẹ́yìn tí a ti sin màmá tán, torí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ò tètè yọ̀ǹda rẹ̀. Òun ló fi kámẹ́rà yìí ránṣẹ́ nígbà tí àìsàn náà wọ màmá lára. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ká wọn sílẹ̀. Kí wọ́n kàn wo ọ̀kánkán, kí wọ́n pe orúkọ mi. N ò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ojú àti orúkọ. Nǹkan méjì péré, n ò sì ní ọ̀kan láti fún un.

Láàárọ̀ yìí ó ní, "Ẹ gbé e wá, mo ti ṣọkàn akin." Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó ná. Kí ló dé mi tí mo ní kí n wò ó ná? Ká ní n ò wò ó ni, à bá jọ rí ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan náà, èmi àti òun, kí kálukú wa gbá orí mú. Nísinsìnyí èmi nìkan ni mo mọ̀. Èmi nìkan ni màá gbé e lọ bá a.

Ó kéré, kámẹ́rà náà. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ọṣẹ tuntun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó dé, kí n má parọ́. "Àwòrán ẹ̀ mọ́ débi pé irun ìpéǹpéjú lẹ máa rí," ni ẹni tó bá a gbé e wá wí. Òótọ́ ló sọ. Mo rí òwú tó já létí sálúbàtà. Mo rí eruku ẹ̀bá ògiri. Ó mọ́ gaara, ìyẹn gan-an ló ń pa mí lọ. Ká ní ó ṣókùnkùn ni, ǹ bá ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ọwọ́ mi ni. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní: tẹ̀ ẹ́, ó ń ká, tún un tẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Ó ní láti jẹ́ pé mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà láìmọ̀, níbi tí mo ti ń wá bí màá ṣe dì í mú. Ó ti ń ká. Nígbà tí màmá wá jókòó dáadáa, tí mo tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ — mo pa á. Nígbà tí mo ní kó sinmi, mo tàn án. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, bí aṣọ tí a rán sódì láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀. Èmi télọ̀! Èmi tí mo máa ń pariwo lé àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí: "Wo ojú aṣọ kó o tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ!"

Iná pupa kan wà lórí rẹ̀ tó máa ń tàn bó bá ti ń ká. Màmá ni ò fẹ́ ẹ. "Ojú pupa yẹn ń wò mí bí ológbò tó rí ẹja. Bá mi dí i, kí n lè rí ọ̀rọ̀ sọ." Mo gé pílásítà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Rọra gbé e o. Olójú kan kì í tàkìtì, áńbọ̀sì èyí tó o tún fọ́ lójú."

Ó rí i pé ó pupa...

Ó ti pupa nígbà yẹn. Kí n tó tẹ ohunkóhun níwájú rẹ̀. Ó ti ń ká, iná náà sì ń sọ fún mi. Ìyá mi pàápàá ń sọ fún mi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bò ó.

Gíláàsì kékeré tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí a fi ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ńkọ́? Àmì pé ó ń ká wà ní igun rẹ̀. Ta ló wo igun? Mo rí màmá nínú rẹ̀, mo gbà pé bí mo ti ń rí i náà ló ń wọlé.

Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà. Ohùn wà! Mo lè ní kí àbúrò mi di ojú, kó máa gbọ́ ohùn. Kó gbọ́ kí ni? "Ṣé o ti pa á?" "Mo ti pa á, Màmá." Ohùn tèmi nìyẹn, ó dá ṣáká. Oníbàárà kan pè mí nígbà náà nítorí ṣòkòtò rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sórí àga, mo jáde, ó ku màmá àti ìyàwó mi nínú yàrá. Màmá mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ó sú mi, ìyàwó mi. Èmi ò bẹ̀ wọ́n ní kámẹ́rà. Èyí tó wà lọ́hùn-ún fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ dípò ara ẹ̀. Èyí tó wà níbí lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ." Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yin náà, Màmá! Ṣebí wọ́n ń gbìyànjú." "Mo mọ̀. Má sọ fún wọn."

Ìyàwó mi ò sì sọ fún wa. Ó ń bu omi fún mi, ó ń pa aṣọ mọ́, ó mọ̀, kò sọ.

Ṣé èyí ni màá tàn fún ọmọ tó rin ọ̀nà jíjìn, tí ò bá ìyá rẹ̀ láyé? Fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ dípò ara ẹ̀. Yóò gbọ́ ọ títí yóò fi darúgbó. Bí n ò bá sì tàn án... màá ní káàdì inú kámẹ́rà ló bàjẹ́. Irọ́ kékeré ni. Káàdì máa ń bàjẹ́.

Àbúrò mi ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ mi. Níbi tó ti ń tú wáyà lálẹ́ àná, ó ní, "Bí kò bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe rí."

Ó dáa. Báwo ni màmá ṣe rí? Ó jókòó. Ó we ìborùn. Àwọ̀ wo? ... Ó pe orúkọ àbúrò mi, ó ṣàdúrà fún un, àdúrà gígùn. Ó ní kí — kí ni ó ní? Mo ń wò bóyá orí rẹ̀ bọ́ sí àárín gíláàsì. Mo ń wò bóyá ìmọ́lẹ̀ wíńdò ò pọ̀ jù. Èmi tí mo lè fọwọ́ pa aṣọ nínú òkùnkùn kí n sọ irú èyí tó jẹ́, n ò mọ àwọ̀ ìborùn ìyá mi. Mo rò pé ẹ̀rọ ń bá mi rántí. Ẹ̀rọ ò rántí, èmi náà ò rántí.

Ó ku ẹyọ kan tí mo fò torí pé ó kúrú. Kí n wò ó. Ilẹ̀ náà ni yóò jẹ́...

Kì í ṣe ilẹ̀. Orí àga ni kámẹ́rà wà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó kọjú sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀. Iṣan rẹ̀ nìyí, èékánná tí ìyàwó mi gé fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí. Ó ń gbá orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọdé. "Télọ̀ mi, wá jókòó tì mí díẹ̀." "Ẹ jẹ́ kí n tan èyí ná, Màmá." Ìka mi yọ, ó bo gbogbo ibẹ̀. Ó parí.

Mo tún un wò. Ó gbá a. Ẹ jẹ́ kí n tan èyí ná. Ó parí.

Mo gbójú sókè. Wíńdò rèé, táìlì tó sán rèé, àga náà rèé lọ́ọ̀ọ́kán mi. N ò tilẹ̀ rò ó nígbà tí mo wọlé wá, mo kàn wá ibi jókòó... Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Etí bẹ́ẹ̀dì níhìn-ín, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbá.

Mo ti wá jókòó, Màmá.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àbúrò mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀. Ààyè wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kámẹ́rà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi.