Ta Ló Ń Mu Epo Eilert?

Ikọ́ Eilert, bàbá mi, ló kọ́kọ́ mú mi fura. Láti ìgbà tí oòrùn ti wọ̀ ní oṣù kọkànlá, tí kò sì yọ mọ́, bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún ní ìpẹ̀kun àríwá ayé níbí, ni ikọ́ náà ti ń dà á láàmú. Bó bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, á tún padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, òtútù àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Jorid, nọ́ọ̀sì erékùṣù wa, ti kìlọ̀ fún mi pé bó bá tún kọ lù ú, ká má retí pé á dìde.

Jorid gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Turid, ṣé bàbá ẹ ń mu epo ẹ̀dọ̀ ẹja?"

"Láràárọ̀. Ta ni kì í mu ún níbí?"

"Fítámì D ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Oòrùn ló yẹ kó fún wọn, kò sì sí oòrùn. Àwọn dókítà ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀, àmọ́ ó jọ pé ẹni tí tiẹ̀ bá lọ sílẹ̀ báyìí, kòkòrò òtútù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé sí i láyà. Epo yẹn ló ń dípò oòrùn, ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ ò sì yẹ kó rí báyìí."

Èmi náà mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fún un lépo ọ̀hún? Oddlaug ni.

Oddlaug ni bàbá mi fẹ́ lẹ́yìn ikú Magnhild, ìyá mi. Ará Hamar ni, ìlú tí kò sí létí òkun rárá, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní parọ́. Etí omi gan-an ni ilé bàbá mi wà, irú èyí tí àwọn àlejò ìlú ńlá ń wá kiri láti rà. Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo ní àdàbà ń pògèdè, ó ṣe bí ẹyẹlé ò gbọ́.

Nígbà tí Oddlaug lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo wọlé, mo ṣí ìgò epo náà, mo sì gbé e sẹ́nu. Ojúlówó ni. Òórùn ẹja náà gun imú mi bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Kàkà kí inú mi dùn, ṣe ni mo tún bínú sí i. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ìgò méjì ló ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ibẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, mo ní ìkòkò wọn ni mo wá dá padà.

"Turid, ìkòkò yìí ò lè dúró kílẹ̀ mọ́?" Oddlaug ń rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ wo ló fẹ́ mọ́?"

Ó bu epo mu lórí ìdúró, ó wá bu ti bàbá mi látinú ìgò kan náà. Ojú mi ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi ya ẹnu, ó pa á dé, ó mi orí, ó mú fìlà rẹ̀. Ó fẹ́ lọ wo ojú ọjọ́. Kò sí ọkùnrin tó ti pẹja rí níbí tí kì í jáde lọ wo ojú ọjọ́ láàárọ̀, kódà kó ti ta ọkọ̀ rẹ̀ tipẹ́. A kì í sì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Àmọ́ nígbà tí Oddlaug bi í bóyá kí òun gé búrẹ́dì, ọwọ́ ló jù sí i. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣófo á dáhùn.

Mo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ilé ọkọ̀, nídìí igi tí a ń sá panla sí, ológbò wọn ti ń dúró dè é. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tu epo náà sínú àwo kékeré kan. Ara ológbò yẹn ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

"Bàbá."

Ó ta gìrì. Ikọ́ gbé e, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ọmọ mi, rọra." Ó nu ẹnu. "Gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ ìyá ẹ, òun ló ń fún mi ní epo yìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń ní òní ni màá gbé e mì. Tó bá wá dénú ẹnu mi, á ṣe mí bíi pé tí mo bá lè gbé e mì, Magnhild ti kú tán nìyẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ẹ ò ṣe sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni? Fún obìnrin tó fi ìlú ẹ̀ sílẹ̀ wá sínú òkùnkùn nítorí mi?"

Yìnyín dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́yìn wa. Oddlaug ló dúró síbẹ̀, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àmì ètè ẹ wà lẹ́nu ìgò lánàá, Turid," ó ní. "Ṣé o rí májèlé níbẹ̀?"

Ojú tì mí, mi ò lè wò ó. Ó kọjú sí bàbá mi. "Wọlé. Òtútù ti pọ̀ jù fún ọ."

Nínú ilé, Oddlaug gbé ìgò àti ṣíbí síwájú bàbá mi, kò sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

"Magnhild ló ń fún ọ. Ta ló ń fún Magnhild?"

Bàbá mi ronú. Èmi náà ronú, torí n kò bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò sẹ́nì kankan," ó ní. "Á fún gbogbo wa tán, á wá kẹ̀yìn sí wa, á bu tiẹ̀ mu."

"Bí èmi náà ṣe ń dá bu tèmi mu látìgbà tí mo ti dé nìyẹn. Fún mi."

Bàbá mi bu epo náà. Epo kán sórí tábìlì. Oddlaug ya ẹnu, ó gbé e mì, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀, torí ará Hamar ni, epo náà kò tíì mọ́ ọn lára. Bàbá mi wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bu òmíràn fún ara rẹ̀. Mo rí i tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mì bó ṣe gbé e mì.

"Ó ń rùn," ó ní, omi sì lé sí i lójú.

Ológbò ń ké lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún un.